Ìwọ̀n kan náà, ìrísí ọ̀tọ̀: irin I, irin H àbí páìpù?

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ gbé àjà kan sókè nínú ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ mi kí n lè máa kó ẹrù sórí ẹ̀. Mítà 6 ni láti òpó kan dé ìkejì. Jórinjórin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní irin H 200 ni kí n fi ṣe bíìmù. Ó ní ìwọ̀n òun àti I 300 dọ́gba, pé irin ni irin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní rárá, páìpù onígun mẹ́rin ló lágbára jù, ọ̀dà tó máa mu ò sì tó ti àwọn yòókù. Mo tún ní irin U àti áńgù (irin tó rí bíi L) mélòó kan nílẹ̀ láti iṣẹ́ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbọ́?"

Jórinjórin yín ò purọ́ lórí ìwọ̀n, ọ̀rẹ́ yín náà ò sì sọ ìsọkúsọ lórí páìpù. Ohun tí àwọn méjèèjì ò béèrè ni iṣẹ́ tí irin náà fẹ́ ṣe. Irin tó dùbúlẹ̀ tí ẹrù wà lórí ẹ̀, òpó tó dúró tí ẹrù ń tì mọ́lẹ̀, irin tí nǹkan ń fà, àti irin tí nǹkan ń lọ́ bí ìgbà téèyàn ń fún aṣọ tútù: iṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Irin tó mọ ọ̀kan ṣe dáadáa lè dójú tini nínú èkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú irin mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni IPE 300, irin I tó ga ní 300 mm tó sì fẹ̀ ní 150 mm. Mítà kan rẹ̀ wọn 42.2 kg. Èkejì ni HEA 200, irin H tí mo rò pé jórinjórin yín ń wí (màá padà sórí "mo rò pé" yìí, torí ó léwu). Òun wọn 42.3 kg ní mítà kan. Ẹ̀kẹta ni páìpù onígun mẹ́rin 150 × 150 tí ara rẹ̀ nípọn ní 10 mm, tó wọn nǹkan bí 43 kg. Bí ẹ bá fi ayùn gé I àti H wọ̀nyí, ojú irin tí ẹ máa rí níbi tí ẹ gé jẹ́ 53.8 cm² nínú méjèèjì. Ti páìpù jẹ́ nǹkan bí 55. Nítorí náà, irin tí ẹ ń rà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀ síra.

Tó bá jẹ́ fífà nìkan la fẹ́ fà wọ́n, bí okùn tó so nǹkan rọ̀, ọ̀rọ̀ jórinjórin yín ì bá tọ̀nà pátápátá. Fífà kò mọ ìrísí, ojú irin nìkan ló mọ̀. Irin S235, èyí tí milimítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀ lè gba 235 N (N ni níútọ̀nù, òṣùwọ̀n agbára; 1,000 N ló ń jẹ́ kN kan, nǹkan bí ìwúwo ẹrù 100 kg) kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà láìpadà sípò, yóò gbà tó 1,260 kN nínú I yìí, yóò sì gba iye kan náà nínú H. Ẹ lè fi irin pẹlẹbẹ lásán rọ́pò wọn, iṣẹ́ á lọ.

Àmọ́ àjà kì í fa bíìmù, ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú rúlà oníke kan, ẹ gbé e sáàárín ìwé méjì kó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ wá fi ìka tẹ àárín rẹ̀. Á tẹ̀ kọdọrọ. Ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, kí ẹ tún un tẹ̀. Kò níí mira. Ike kan náà ni, ẹ ò fi nǹkan kan kún un, gíga rẹ̀ nìkan ló yí padà. Bí ẹ bá sọ gíga irin pẹlẹbẹ kan di ìlọ́po méjì láìyí fífẹ̀ rẹ̀ padà, ìlọ́po mẹ́jọ ni yóò fi le sí i lójú títẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé nígbà tí bíìmù bá tẹ̀, òkè rẹ̀ ń sún kì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń nà, agbedeméjì rẹ̀ gan-an kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan. Irin tó wà níbẹ̀ ń jẹun lásán ni. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú irin I ni pé wọ́n kó irin kúrò níbi tí kò ti ríṣẹ́ ṣe, wọ́n kó o lọ sókè pátápátá àti sísàlẹ̀ pátápátá. Pẹlẹbẹ òkè àti ti ìsàlẹ̀ yẹn ni màá máa pè ní ètè. Èyí tó dúró láàárín wọn ni màá máa pè ní ògiri: iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú kí ètè méjèèjì jìnnà síra, kó sì gba ẹrù tó fẹ́ rẹ́ bíìmù já nítòsí òpó.

Irin H náà ní ètè méjì àti ògiri kan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ètè tirẹ̀ fẹ̀ gan-an, ògiri rẹ̀ sì kúrú: HEA 200 fẹ̀ ní 200 mm, kò sì ga ju 190 lọ. Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rọ tó ń yí irin gbígbóná kò lè ṣe irú ètè fífẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ètè tóóró tó nípọn nídìí tó sì fẹ́lẹ́ létí ni wọ́n ń rí ṣe, bí ẹ ṣe ń rí i lára àwọn irin I àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní INP, tí inú ètè wọn dagun. Henry Grey ló ṣe ẹ̀rọ tó ń fi róòlà ọ̀tọ̀ tẹ ètè, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí irin elétè fífẹ̀ ní Differdange, ní orílẹ̀-èdè Luxembourg, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ irin Bethlehem Steel náà gbé e dé Amẹ́ríkà. Òpó ilé gíga ló jàǹfààní rẹ̀ jù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nínú ìwé ìwọ̀n irin, nọ́ńbà tó ń sọ bí irin ṣe kọ̀ láti tẹ̀ tó ni wọ́n ń fi lẹ́tà I kọ, tí wọ́n ń fi cm⁴ wọ̀n (lẹ́tà I yìí ò bá ìrísí I tan o). Ti IPE 300 jẹ́ 8,356. Ti HEA 200 jẹ́ 3,692. Ti páìpù wa jẹ́ nǹkan bí 1,770. Ìka ò dọ́gba! Irin tí ìwọ̀n wọn bára mu, ọ̀kan le ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, ó sì le ju ẹ̀kẹta lọ ní ìlọ́po tó súnmọ́ márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí àjà yín. Ká ní ẹrù tó wà lórí bíìmù mítà 6 jẹ́ 10 kN lórí mítà kọ̀ọ̀kan, tó sì tẹ́ dọ́gba. IPE 300 yóò rọ̀ sílẹ̀ láàárín ní nǹkan bí 9.6 mm. HEA 200 yóò rọ̀ ní 22 mm. Páìpù yóò rọ̀ ní 45 mm, ẹ ó fi ojú lásán rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà máa ń gbà kò ju ìdá kan nínú 250 gígùn bíìmù lọ, ìyẹn 24 mm fún mítà 6. Níbi tí nǹkan tó tètè ń sán bá wà lórí rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀, ìdá kan nínú 360 ni wọ́n ń lò, nǹkan bí 17 mm. I kọjá ìdánwò méjèèjì. H rá pálá kọjá àkọ́kọ́, ó ṣubú nínú èkejì. Páìpù ò tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìdánwò.

Ẹ kíyè sí i pé n kò tíì sọ pé ọ̀kankan nínú wọn máa ṣẹ́. Lábẹ́ ẹrù 10 kN yẹn, ìnira inú irin (ẹrù tí milimítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀ ń gbà) jẹ́ nǹkan bí 81 N/mm² nínú I, 116 nínú H, 191 nínú páìpù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì wà lábẹ́ 235. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á gbé irin sókè, wọ́n á dúró lé e, kò ní ṣẹ́, wọ́n á ní ó lágbára. Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ kò le. Agbára ni pé kí irin má ṣẹ́. Líle ni pé kí ó má tẹ̀. Àjà tó ń jó bí ẹ ṣe ń rìn lórí rẹ̀, tí ilẹ̀kùn abẹ́ rẹ̀ kò ṣeé tì mọ́, kò tíì wó, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ẹ?

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí inú máa bí mi tí mo bá gbọ́ pé wọ́n gba oníbàárà nímọ̀ràn pé kó ra irin oníyì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, S355 dípò S235, torí pé bíìmù ń rọ̀. S355 lágbára ju S235 lọ ní ìdajì, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ líle, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn: gbogbo irin ìkọ́lé tẹ̀ bákan náà lábẹ́ ẹrù kan náà tí ìrísí wọn bá jọra, torí 210,000 N/mm² ni nọ́ńbà líle ohun èlò náà fún gbogbo wọn. Owó tí ẹ máa fi kún un kò níí dín ìrọ̀ yẹn kù ní mílímítà kan. Ẹ fi ra gíga.

Ẹrù 10 kN tí mo mú yẹn, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ sọ pé ẹrù lẹ fẹ́ kó síbẹ̀. Eurocode, ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Yúróòpù, dábàá 7.5 kN lórí mítà onígun mẹ́rin kan fún ibi ìkẹ́rùsí. Tí bíìmù yín bá jìnnà síra ní mítà 2, ẹrù yẹn nìkan ti di 15 kN lórí mítà bíìmù, láìtíì ka pákó ilẹ̀ àti irin fúnra rẹ̀. I á rọ̀ ní nǹkan bí 14 mm. H á rọ̀ ní 33, ó ti kọjá ààlà. Páìpù, ìnira inú rẹ̀ á gùn dé 286 N/mm². Ní báyìí kì í ṣe rírọ̀ nìkan mọ́, irin S235 ti ń nà láìpadà.

Nítorí náà, fún bíìmù yín, I ló jáwé olúborí. Ṣùgbọ́n I ní àléébù kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí wọ́n tó gbé e sókè. Ètè òkè rẹ̀ ń sún kì lábẹ́ ẹrù, ó sì tóóró. Tí kò bá sí ohun tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì, kí gbogbo bíìmù sì lọ́ tẹ̀ lé e. Irú bíìmù mítà 6 yìí, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lóun nìkan láìsí ìdìmú láti ìkángun dé ìkángun, lè pàdánù tó ìdajì agbára títẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá da kọnkéré lé e, tàbí tí ẹ fi bóòtù de pákó tàbí irin pẹlẹbẹ mọ́ ètè òkè rẹ̀ dáadáa, ìṣòro yẹn tán. Ìgbà tó léwu ni àárín ọjọ́ tí wọ́n gbé e sókè àti ọjọ́ tí wọ́n de ilẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni to ẹrù lé bíìmù tó ṣì wà níhòòhò. H kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ètè rẹ̀ fẹ̀. Páìpù onígun mẹ́rin kì í ṣe é rárá.

Ó kan òpó wàyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ yín ti gba ìyìn. Òpó kì í yan ibi tó máa tẹ̀ sí. Ẹrù ń tì í láti òkè, ó sì máa tẹ̀ sí ibi tí ara rẹ̀ kò le sí jù. Gíga tó mú I di akọni nínú bíìmù kò wúlò fún un níbí, torí ẹ̀gbẹ́ tó tóóró ló máa yẹ̀ sí. Nọ́ńbà líle I wa tó jẹ́ 8,356 sí ọ̀nà kan kò ju 604 lọ sí ọ̀nà kejì. H ní 1,336 sí ọ̀nà tí kò le jù. Páìpù ní 1,770 sí ọ̀nà méjèèjì, kò ní ibi tó rọ̀. Tí a bá fi wọ́n ṣe òpó mítà 4 tí orí àti ìdí rẹ̀ kò dì gbagidi, ẹrù tí ìṣirò Euler sọ pé yóò mú kí òpó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ nǹkan bí 780 kN fún I, 1,730 fún H, àti 2,300 fún páìpù. (Ìyẹn kì í ṣe ẹrù tí ẹ lè gbé lé e. Iye tí ẹnjiníà máa gbà láàyè kéré sí i, torí kò sí òpó tó gún régé tán. Ìfiwéra ni mò ń ṣe.) Irin tó gbẹ̀yìn nínú bíìmù ló wá síwájú nínú òpó, èyí tó ṣíwájú sì di ẹ̀yìn.

Àwọn tó kọ́ afárá Forth ní Scotland, tí wọ́n ṣí ní 1890, mọ èyí dunjú. Gbogbo ibi tí ẹrù ti ń ti irin, páìpù ńlá ni wọ́n lò. Àwọn tó tóbi jù fẹ̀ tó mítà 3.66 láti etí dé etí. Ibi tí ẹrù ti ń fà, irin tín-ín-rín tí wọ́n hun bí àwọ̀n ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán afárá náà lè fi ojú ka ibi tí wọ́n ti ń ti irin àti ibi tí wọ́n ti ń fà á, láìjẹ́ ẹnjiníà.

Nínú ọ̀rọ̀ lílọ́, ẹ má wulẹ̀ fi wọ́n wéra. Ẹ ká bébà kan bíi páìpù láìlẹ̀ ẹ́, kí ẹ lọ́ ọ. Á lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀ pọ̀, kí ẹ tún un lọ́. Ìrísí tó pa ẹnu dé nìkan ló ń kọ lílọ́. Nọ́ńbà lílọ́ I àti H wa kò ju nǹkan bí 20 àti 21 cm⁴ lọ. Ti páìpù lé ní 2,800. Torí náà níbikíbi tí ẹrù bá ti so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bíìmù kan ṣoṣo, bíi àtẹ̀gùn tó yọ jáde lára ògiri tàbí pátákó ńlá tó dúró lórí òpó kan, páìpù ni kí ẹ mú, kí ẹ má sì jiyàn.

Èyí ló gbé mi dé orí irin U yín. U ni irin tó ń tan èèyàn jù nínú gbogbo wọn, torí ó jọ I tí wọ́n là sí méjì, a sì rò pé á ṣe bíi I. UPN 300, irin U tó ga ní 300 mm, wọn 46.2 kg ní mítà kan, ó wúwo ju IPE 300 wa lọ, síbẹ̀ nọ́ńbà líle rẹ̀ jẹ́ 8,030. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé ibi tí ẹrù gbọ́dọ̀ gbà kí U má baà lọ́ kò sí nínú irin náà rárá. Ìta ló wà, lẹ́yìn ògiri rẹ̀, ní òdìkejì ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Tí ẹ bá gbé ẹrù lé ètè rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún I, yóò tẹ̀, yóò sì tún máa yí. Mo rí i rí lójú ara mi níbì kan tí wọ́n ti fi U kan ṣoṣo gbé òrùlé ìloro: kò ṣẹ́, àmọ́ ètè òkè rẹ̀ ti dagun débi pé omi òjò ń ṣàn gba orí rẹ̀ wọnú ilé. Onílé rò pé òrùlé ló ń jò.

Ẹ̀yìn U tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ẹwà rẹ̀. Kò sí irin tó rọrùn láti dè mọ́ ara ògiri ilé tó o, tàbí láti jó àtẹ̀gùn mọ́. Tí ẹ bá gbé méjì kọ ẹ̀yìn síra, tí ẹ fi bóòtù dè wọ́n pọ̀, wọ́n ti di nǹkan tó jọ I. Tí ẹ bá kọ ojú wọn síra tí ẹ jó wọn pa, wọ́n ti di páìpù onígun mẹ́rin, òpó tó dára nìyẹn. Ohun kan péré: inú ètè UPN dagun díẹ̀, nítorí náà bóòtù tó bá gba ibẹ̀ kọjá nílò wásà tó dagun bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí bóòtù á gùn ún ní igun kan, á sì tẹ̀. UPE, irú irin U mìíràn, kò ní ìṣòro yìí, ètè tirẹ̀ gún.

Áńgù ò yẹ kó gbé àjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ìdè, ẹsẹ̀ kéékèèké inú igi òrùlé onírin, àti irin tí pákó àtẹ̀gùn ń jókòó lé. Tí ẹ bá fi áńgù 100 × 100 × 10, tó wọn 15 kg ní mítà, wé páìpù 100 × 100 tó nípọn ní 5 mm, tó wọn 14.7 kg, páìpù yẹn lè gba tó ìlọ́po mẹ́rin ẹrù títì kó tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí gígùn wọn bá jọra. Ìdí ni pé áńgù ní ọ̀nà kan, tó gba igun rẹ̀ dagun, tó rọ̀ gan-an. Kí ló wá dé tí àwọn òpó ńlá tó ń gbé wáyà iná kọjá inú oko fi jẹ́ áńgù? Torí pé ó rọrùn láti lu ihò sí i, ojú rẹ̀ méjèèjì ṣeé dé, bóòtù nìkan ló nílò, ẹ sì lè rì í sínú síńkì gbígbóná kó má baà dípẹtà, láìsí wàhálà. Ìrọ̀rùn ìdè ló fi ń gba ipò rẹ̀.

Irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká ní tútù, èyí tó rí bíi C tàbí Z tí nípọn rẹ̀ kò ju 1.5 mm sí 3 mm lọ, pọ́línì òrùlé (irin tí páànù ń jókòó lé) ni tirẹ̀. Z ṣeé gbé lé ara wọn lórí igi òrùlé kí ó lè di ọ̀kan gùn. Ẹ má gbé àjà lé e.

Ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀ ọ̀dà, òótọ́ ló sọ. Mítà kan I wa ní 1.16 m² tí a máa kùn, H ní 1.14, páìpù kò tó 0.6. Ìdajì ọ̀dà ni, kò sì ní kọ̀rọ̀ tí omi àti eruku máa jókòó sí. Àmọ́ páìpù ní inú. Tí omi bá rí ọ̀nà wọbẹ̀, ẹ ò níí rí ìpẹtà náà títí yóò fi jáde síta. Ẹ jó ìkángun rẹ̀ méjèèjì pa dáadáa. Tó bá jẹ́ pé inú síńkì gbígbóná ni wọ́n máa rì í sí, òdìkejì ni: ó gbọ́dọ̀ ní ihò tí atẹ́gùn máa gbà jáde, torí páìpù tó dí pa lè bú gbàù nínú síńkì tó gbóná tó 450 °C.

Ìdè náà tún wà ńbẹ̀. Ètè I àti H ṣí sílẹ̀, ẹ lè fi bóòtù sí i níbi tó bá wù yín, ọwọ́ á dé ẹ̀yìn láti mú nọ́ọ̀tì. Páìpù kò gba ọwọ́. Jíjó ni, tàbí kí ẹ jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn kí ẹ tó fi bóòtù dè é. Bí ẹ bá sì jó bíìmù tóóró mọ́ àárín ojú páìpù ńlá tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ojú páìpù yẹn lè wọnú bí agolo tí wọ́n tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fẹ́ páìpù fẹ́lẹ́ fún òpó, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò òpó nìkan á ní ó tó.

Mo ní màá padà sórí "mo rò pé". Ẹni tó bá ní "H 200" kò tíì dárúkọ irin kan. HEA 200 wọn 42.3 kg, HEB 200 wọn 61.3, HEM 200 wọn 103. Gbogbo wọn ló ń jẹ́ 200, ṣùgbọ́n gíga HEA jẹ́ 190 mm, ti HEB jẹ́ 200, ti HEM jẹ́ 220. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ 305 × 165 × 40, tí nọ́ńbà ìkẹyìn jẹ́ kílógíráàmù lórí mítà kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà a kọ W12 × 26: gíga tó súnmọ́ ínṣì 12, ìwọ̀n páùn 26 lórí ẹsẹ̀ bàtà kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi tépù wọn gíga àti fífẹ̀, kí ẹ fi kálípà wọn nípọn ògiri àti ètè, kí ẹ wá gbé e lé òṣùwọ̀n. IPE 300 tó gùn ní mítà 6 yẹ kó wọn nǹkan bí 253 kg. Ìlànà Yúróòpù gba ìyàtọ̀ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀. Èyí tó bá fi ìdá 10 dín, wọ́n ti yí i fẹ́lẹ́, gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí kò sì bá a mu mọ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni, bíìmù á jẹ́ I, nínú ìwọ̀n 300 yìí tàbí èyí tó súnmọ́ ọn. Kí ẹnjiníà tó máa wá wo ibẹ̀ ka ẹrù yín gan-an àti jíjìnnà bíìmù síra kó tó mú nọ́ńbà. Òpó á jẹ́ HEA tí ẹ bá fẹ́ fi bóòtù dè é, páìpù tí ẹ bá ní jórinjórin tó mọ iṣẹ́ tó sì ṣe tán láti jó irin pẹlẹbẹ ìdè mọ́ ọn níwọ̀n. Áńgù tó wà nílẹ̀, ẹ fi ṣe ìdè onígun láàárín àwọn òpó kí ilé má baà máa mì sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ sì fi U yín ṣe àtẹ̀gùn tó máa gbé yín dé orí àjà náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ẹ̀yìn wọn kọjú síta.